Ọjọ́ Tí Wọ́n Wọn Wọnlẹ̀wọnlẹ̀

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi wọn ilẹ̀ onílẹ̀ ní Benin. Láti Ogida tí mo ń gbé títí dé Aduwawa, kò sí àdúgbò tí n kò gbé okùn àti ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wọ̀. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọdébìnrin kan yóò wọn èmi náà, tí yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ kó tó pẹ́: n kò ṣubú.

Jẹjẹrẹ próstéètì ni wọ́n rí lára mi. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún mi fún un máa ń gba okun lára ènìyàn, ooru rẹ̀ náà sì tún yàtọ̀. Mo lè jókòó sábẹ́ fáànù kí òógùn máa dà lára mi bí ẹni tó ń gúnyán. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọmọ mi obìnrin, àṣìṣe gbáà sì ni. Kíá ló ti Port Harcourt dé, ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú tí mo ti ń dá gbé, ó ti tó gẹ́ẹ́, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n kì í fi ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan dá mi lóhùn.

"Daddy, dem go test you for hospital. If your leg no strong, you go follow me go. No argument."

"Tó bá wá le ńkọ́?"

"Then I go leave you with your house."

Bí a ṣe ṣàdéhùn nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, òun ló ti ilẹ̀kùn, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ mi sínú báàgì rẹ̀. Ilé tí mo fọwọ́ ara mi wọn ilẹ̀ rẹ̀, tí mo gbin àgbálùmọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀! Inú bí mi, mo wọ bàtà kánfáásì mi, mo fi okùn rẹ̀ so kókó méjì méjì.

Nílé ìwòsàn, ọmọ Bini ni ọmọdébìnrin tó ń ṣe ìdánwò náà fún mi, aago tó fi ń ka ìṣẹ́jú wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé irin kan fún mi pé kí n fún un mọ́wọ́. Mo fún un bí ẹni pé ọrùn ọ̀tá ni. "Papa, you strong o!" Ó ní kí n rìn láti ògiri dé ògiri. Mo rìn bí ọkọ ìyàwó. Orí mi ti wú, mo ti ń wo báàgì ọmọ mi láti ojú fèrèsé, níbi tó jókòó sí níta.

Ó wá ku àga. Mo máa ká ọwọ́ mi sáyà, mo máa dìde, mo máa jókòó, láìfọwọ́kan nǹkan kan, títí aago yóò fi dún. Iye ìgbà tí mo bá dìde ni yóò kọ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń kà á sókè bí ọmọ ilé-ìwé, orúnkún mi ń dún kó-kó-kó, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo dé ìkeje nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

Ta ló wọlé? Alága ẹgbẹ́ Yorùbá wa ni, bàbá tó ń ta pákó ní Aduwawa, tó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Káàdì ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kan náà tó máa ń sọ ní gbogbo ìpàdé pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí òun mọ bí ẹ̀fọ́rí ṣe ń rí.

N kò ronú rárá. Gbọọrọ ni mo dọ̀bálẹ̀ sórí táìsì ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá!"

Ìkúnlẹ̀ ni ọmọ Bini mọ̀ ní ìkíni. "Jesus! Papa don fall!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyí: níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí àgbà yóò fi dá a lóhùn. Alága kò sì dáhùn. Ó dúró gbagidi, ó ń fi káàdì rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. Mo gbójú sókè wò ó, kó ṣáà sọ nǹkan kan. Táìsì ń tutù wọ̀ mí nínú. Mo juwọ́ sí ọmọdébìnrin yẹn pé kó ní sùúrù, ó rò pé mo ń ké gbàjarè. Ni ọmọ mi bá já wọlé, kọ́kọ́rọ́ mi ń dún nínú báàgì rẹ̀.

"Daddy! I talk am! I no talk am?"

Mo rí bírò tó ń lọ lórí ìwé: ó ṣubú, kò lè dìde. Ó yẹ kí n sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló gbá mi mú. Mo ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀, wọ́n ń fa abíyá mi, bí wọ́n ṣe ń fà á ni mo ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ìgbà náà ni ohùn Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. "Wàá dàgbà, wàá dògbó. Dìde, àbúrò mi."

Kó tó pa ẹnu dé, mo ti nàró.

Alága jókòó sórí àga ìdánwò mi. "My pikin, no write am. E no fall. Na me e dey greet. Na me suppose tell am make e get up, but shame catch me." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà?"

"Èmi náà, Bàbá. Ó ti pé ọdún kan."

"Tèmi ti pé mẹ́ta."

A jọ ń ṣèpàdé lóṣooṣù, a jọ ń sáré lọ ilé ìtọ̀ ní àtẹ̀léra, òun ń di ẹ̀bi ru sóbò tí a mu, èmi ń dì í ru omi tútù. Àánú rẹ̀ ṣe mí, tèmi náà sì ṣe mí.

Ọmọdébìnrin yẹn kò gba ìtàn gbọ́. "Papa, go down again. I go time am." Mo tún dọ̀bálẹ̀. "Dìde!" Alága pariwo bíi sójà. Mo dìde. Ó wo aago, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó fi bírò pa ohun tó kọ rẹ́. A tún ti àga bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo dìde lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá. Ó ní ó dára. Nígbà tó kan Alága, èmi ni mo kà á fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lè dìde, ó ní kí n má tíì sọ fún àwọn ará ẹgbẹ́, pé òun fẹ́ fẹnu ara òun sọ ọ́.

Èmi àti ọmọ mi padà sí Ogida. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó jù ú sílẹ̀ níwájú mi.

"Pick am make I see."

Mo lóṣòó, mo he é. Ṣùgbọ́n n kò dìde. Mo kàn wà níbẹ̀, mo ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ dijú mágbárí, lẹ́yìn náà ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Ẹ dìde, Daddy," ló wí.

Mo dìde, mo sì ṣílẹ̀kùn ilé mi.