Bàsíà Funfun Ìyá Ọkọ Mi

Títí di òní, bí òórùn gàrí kíkan bá pàdé èéfín igi nímú mi, ìdúró ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Mo ní ìdúró, torí pé lọ́dún yẹn, ní abà gàrí wa ní Tchaada, gbogbo obìnrin ló jókòó ti agbada wọn, èmi nìkan ni mo dúró. O mọ bí a ṣe ń yan gàrí lọ́dọ̀ wa: wàá jókòó sórí àpótí kékeré, wàá fẹ̀gbẹ́ síná díẹ̀ kí ooru má baà bó ọ lójú, wàá sì máa fi àkúfọ́ igbá tì í lọ tì í bọ̀. Ẹni tó bá dúró yan gàrí láti àárọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un. Àwọn yòókù bi mí pé kí ló dé, mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ló mú mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n yé fi ṣúgà mu gàrí tí mo bá yan.

Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá, torí èmi náà ti fẹ́ gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan kan wú sí mi lójú ara, nísàlẹ̀, lápá òsì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án níbi tí mo ti ń wẹ̀, kò ju ẹ̀pà kan lọ, kò sì dùn mí rárá. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Ìbàdàn láti oṣù márùn-ún. Ìyá rẹ̀ tí a jọ ń gbé ni gbogbo àdúgbò máa ń pè wá wẹ abiyamọ tuntun, kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí, síbẹ̀ òun gan-an ni mo bẹ̀rù jù. Bí nǹkan bá ṣe obìnrin níbẹ̀ yẹn, ohun tí àwọn èèyàn máa kọ́kọ́ bi í ni ibi tó ti lọ gbé e, pàápàá tí ọkọ rẹ̀ kò bá sí nílé.

Mo ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, mo mu ún fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe ni pé ó ń lé mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nǹkan náà kúrò ní ẹ̀pà, ó di ẹyin adìẹ. Ó pọ́n, ó gbóná, ibà sì dé. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, n kò lè pa ẹsẹ̀ mi méjèèjì pọ̀ mọ́. Mo parọ́ fún ìyá ọkọ mi pé mò ń lọ ra àpò gàrí ní ọjà Igolo, mo sì gun alùpùpù lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ni mo fi jókòó, kò sì sí kòtò kan lójú ọ̀nà yẹn tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà.

Dókítà tó gbà mí wọlé, obìnrin ni, ó sì jọ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Mo fi ìborùn bojú. Ó rọra fà á kúrò.

Ó ní, "Màdáàmù, ẹ má bojú. Ṣé ẹ̀yin lẹ dá ara yín ni?"

Ó yẹ̀ mí wò, ó sì ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún mi láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ó ní kókó kékeré méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n ń pè ní Bátólìnì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú ojú ara rin. Nígbà míì ẹnu ọ̀kan á dí, omi rẹ̀ á há sínú, á sì wú. Bí kòkòrò àìsàn bá wá wọ̀ ọ́, á di ọyún, òun ló wà lára mi yẹn. Ó ní kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, kì í ṣe ìwà mi ló fà á, kò sì ní dí mi lọ́wọ́ ọmọ bíbí. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù, pé ká ní mo ti ń jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti ìgbà tó ṣì kéré, bóyá ì bá má dé ojú abẹ.

Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ kan tó mú ibẹ̀ kú, ó là á, ó sì tẹ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ara fúyẹ́ mí débi pé mo sunkún. Ó rán etí ojú ọgbẹ́ náà síta, kí ẹnu rẹ̀ má baà tún pàdé kó dí. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa jókòó sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ọkọ mi má sì súnmọ́ mi fún nǹkan bí oṣù kan. Mo ní ìyẹn rọrùn, Ìbàdàn jìnnà tó.

Àṣìṣe tèmi wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo délé. Bàsíà kan wà nílé wa, funfun, tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, inú rẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti gbé mi jókòó nígbà tí mo bí ọmọ kìíní àti ìkejì. N kò ní òmíràn tó gba ìdí mi. Mo bá ń gbé omi kaná lẹ́yìn ilé, mo ń jókòó sínú bàsíà abiyamọ, mo ń sá aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Obìnrin tó ti wẹ abiyamọ láti ọjọ́ pípẹ́ rí bàsíà, ó rí aṣọ, ó rántí pé n kò ra àpò kankan bọ̀ láti Igolo, ó sì ka oṣù tí ọmọ rẹ̀ ti lọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta kò fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn tó kírun àárọ̀, ó wá dúró lé mi lórí níbi tí mo jókòó sí nínú bàsíà.

"Ìyàwó, ta ló ni oyún tí o ṣẹ́?"

Mo mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè yẹn. Ilé ọkọ mi wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ mi méjèèjì wà nínú rẹ̀, orúkọ mi náà sì wà níbẹ̀. Tí mo bá ṣáà ń sunkún, ó ti parí nìyẹn. N kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu, ṣùgbọ́n mo dìde nínú bàsíà, mo tú ìró mi.

Mo ní, "Ìyá, ẹ wá wò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún abiyamọ, ó wò ó pẹ́. Ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ni ọgbẹ́ náà wà, ó rí ojú ibi tí dókítà rán. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹ̀pà títí dé orí abẹ. Nígbà tó gbójú sókè, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Èmi tí mo wẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì," ló sọ, "èmi lo wá ń fi pamọ́ fún."

Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń gbé omi náà kaná, òun ló ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀ oyún tó fura sí yẹn fún àgbà obìnrin kan ní abà, kò sì fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá wọn lọ́sàn-án gangan, òun tó ti fi gàrí yíyan sílẹ̀ tipẹ́, ó jókòó sórí àpótí mi, ó mú àkúfọ́ igbá mi. Wọ́n ròyìn fún mi pé ó ní òun kó ọ̀rọ̀ tí òun sọ jẹ, pé kókó kan ló dí sí ìyàwó òun lójú ara, dókítà ti là á, ó sì ti ń san, kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ wá bá òun. Kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ó yan gàrí mi fún ọjọ́ mẹ́wàá, títí dókítà fi ní ojú ọgbẹ́ ti jiná, tí èmi náà sì padà jókòó ti agbada. Kí oṣù yẹn tó parí, obìnrin méjì ti tẹ̀lé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Bí mo ṣe ń rìn níwájú wọn, àyà mi yọ síta bíi ti ẹni tó ra ilẹ̀.

Ọmọ mi àgbà, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Àjàṣẹ́ báyìí. Lọ́dún tó kọjá ó pè mí lórí fóònù. Èmi àti ìyá ọkọ mi la jọ jókòó sí ìloro, mo ti gbé ohùn rẹ̀ sókè kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Màámá, nǹkan kan wú sí mi lójú ara, lápá ọ̀tún. Àárọ̀ yìí ni mo rí i. Mo ti gbé omi kaná, lọ́la màá lọ rí dókítà. Ìṣẹ́jú mélòó ni kí n fi jókòó?"

Kí n tó lanu, ìyá ọkọ mi ti gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó ń sọ fún un pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi náà wò kó má baà jó o. Mo jókòó, mò ń gbọ́ wọn. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi pa tèmi mọ́. Ọmọ mi kò fi tirẹ̀ pamọ́ di ọ̀sán.