Igun Tí Màmá Agbówà Jókòó Sí

Àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mọnrófíà ni ilé ìwòsàn ojú ogun wa wà, lọ́dún tí àwọn ọmọ ogun wa lọ pẹ̀tù sí ogun Làìbéríà. Nọ́ọ̀sì ológun ni mí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń gbé Ìtamàga n'Íkòròdú, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa bójú tó ibẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró dè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, dókítà méjì ni mo bá, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ obìnrin tó dúró sábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n so ìró mọ́dìí gírígírí. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó fún wọn. Ogun ti jó ṣọ́ọ̀bù wọn, wọn ò sì fẹ́ káwọ́ gbera. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́.

Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kankan ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù rí. Ìyá àgbà kan nawọ́. Ó ní òun ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o, àmọ́ òun ti bímọ méje níbẹ̀. Aṣọ ló ń tà kí ogun tó dé, Agbówà ni wọ́n sì ti bí i, nítòsí Ẹ̀pẹ́ tiwa. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá Agbówà nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo bẹ̀rù jù láti kọ́ wọn ni ìyàsọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ti ń sọ àwọn tó fara pa kalẹ̀ nínú ọkọ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ tètè mọ ẹni tí dókítà máa kọ́kọ́ wò, ẹni tó lè dúró, àti ẹni tí apá wa ò ká mọ́. Mo ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, wọ́n kàn ń wò mí lójú ni. Ni mo bá rántí ìyá mi tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Tí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀, èpìyà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó sórí iná, torí kì í pẹ́ bàjẹ́. Àrọ̀ tó ṣì ń fò nínú omi lè dúró. Èyí tó ti bàjẹ́, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Màmá Agbówà ní, “Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀.”

Ó yé wọn wàyí, orúkọ ẹja ni wọ́n sì wá fi ń ya àwọn tó fara pa sọ́tọ̀. Sájẹ́ǹtì ọmọ Ìkòròdú kan tí ọta ìbọn bà lẹ́sẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ẹja lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹja wo wá lèmi?”

Màmá dá a lóhùn pé, “Àrọ̀ ni ẹ́. O ṣì ń ráhùn, o lè dúró.” Ó dúró lóòótọ́, ó sì ń ráhùn títí dókítà fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn tí apá wa ò ká, igun tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú kíláàsì tá a ti ń tọ́jú àwọn yòókù la máa ń tẹ́ wọn sí. A máa ń gún wọn lábẹ́rẹ́ tó ń dín ìrora kù, a ó sì padà sídìí àwọn tó ṣeé gbà là. Àṣẹ tí mo pa nìyẹn, torí ọwọ́ wa ò tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjà le lápá afárá kan nítòsí wa, wọ́n sì kó èèyàn rẹpẹtẹ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú wọn tí kò wọṣọ ológun. A ò mọ ẹni tó ń jà fún, a ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Mo wo ikùn rẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí igun. Kò pẹ́ tí mo fi ń wá Màmá Agbówà kó wá bá mi gbé dírípù dání. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú igun náà ni mo ti bá a, ó gbé orí ọmọkùnrin náà lé itan.

“Màmá, ẹ dìde. Mo nílò yín lọ́hùn-ún.”

“Mátíróònù, ẹ wo ẹlòmíì.”

“Kò sí ẹlòmíì. Àwọn tó lè yè ń dúró.”

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ẹja tó ti bàjẹ́ ni ìyá yín ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Eléyìí ò tíì kú. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tá à ń sọ.”

Inú bí mi gan-an. Nínú iṣẹ́ ológun, ẹnikẹ́ni kì í dá mi lóhùn báyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí owó oṣù tí mo lè gé, kò sì sí ipò tí mo lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lè gba ara rẹ̀ padà nígbà tó bá wù ú. Mo padà lọ, mo so dírípù mi mọ́ irin fèrèsé, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látibi tí mo wà. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ẹnì kan bá ń lọ, orúkọ rẹ̀ la máa ń pè kíkankíkan kó lè padà. Kò ní orúkọ tó máa pè. “Ọmọ ọlọ́mọ,” ló ń wí, jẹ́jẹ́. “Ọmọ ọlọ́mọ, mo wà níbí. Mi ò lọ síbì kankan.” Mi ò rò pé ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó di etí ìró Màmá mú títí ó fi dákẹ́. Màmá pa ojú ọmọ náà dé, ó fọ ọwọ́, ó wá bá mi.

“Mo ti dé. Kí lẹ ní kí n gbé dání?”

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ sájẹ́ǹtì aláròyé wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì jinná, ó fà mí láṣọ. “Mátíróònù, tó bá di tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí màmá yẹn jókòó tì mí.”

Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù sì ba èmi náà. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń yan ẹnì kan sí igun yẹn, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é níbi gbogbo tí wọ́n gbé mi lọ, títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn tí mo ti padà sílé pátápátá, ọmọ Màmá pè mí lórí fóònù láti Agbówà, níbi tí wọ́n padà sí lẹ́yìn ogun. Ó ní àìsàn ti wọ màmá òun lára, pé dókítà ti ní kí àwọn máa gbé e lọ sílé. Mo wọkọ̀ láti Ìtamàga lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe wọ yàrá, ojú nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ fi wò ó, mo sì mọ ibi tí ǹ bá yà á sí.

Ọmọ rẹ̀ ní, “Mà, kí la tún lè ṣe?”

Mo gbé báàgì mi kalẹ̀, mo jókòó sórí ẹní, mo gbé orí Màmá lé itan. “Màmá Agbówà,” mo pè é. “Mo wà níbí. Mi ò lọ síbì kankan.”

Ọwọ́ rẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan etí ìró mi, ó sì dì í mú.