Ẹ̀kọ Gbígbóná fún Eku Tí Kò Lọ́mú

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi kì í pe eku lẹ́ku. "Àwọn àlejò òkè òkun" ló ń pè wọ́n. Bí a bá ti wọ ilé eku wa l'Abẹ́òkúta, ńṣe ló máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ń kó ìgbẹ́ àwọn àlejò náà.

Eku funfun ni wọ́n. Wọ́n ti yọ àbùdá kan kúrò lára wọn lọ́hùn-ún, èyí tó ń jẹ́ kí ara ṣe èròjà ìdàgbàsókè kan. Èròjà yìí ló ń sọ fún ọmú pé àkókò tó kí ọ̀nà wàrà inú rẹ̀ yọ ẹ̀ka bí igi. Bí kò bá sí, abo eku á lóyún, á bímọ, ṣùgbọ́n kò ní rí wàrà fún ọmọ. Iṣẹ́ mi ni láti fi wọ́n wé àwọn eku tí a kò fọwọ́ kan àbùdá wọn. Oúnjẹ wọn kò gbọdọ̀ yàtọ̀ rárá, kí n lè sọ pé àìsí èròjà yẹn nìkan ló fà á. Orí ìyẹn ni oyè ọ̀mọ̀wé mi dúró lé.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn aláṣẹ yunifásítì wá wo iṣẹ́ wa, ni àwọn àlejò bá bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Awọ ọmọ eku fẹ́lẹ́ débi pé a máa ń rí wàrà nínú ikùn wọn láti ìta. Ikùn tàwọn wọ̀nyí ṣófo. Inú mi dùn. Ojú ti ọ̀gá mi.

Nígbà tí mo ti ilé mi ní Kútọ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó ọ̀gá mi ni mo bá nídìí àgò eku, ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú àwo gbogbo àwọn àlejò.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Bí ìyá ọmọ tuntun kò bá lọ́mú, kí ni wọ́n máa ń fún un nílé yín?"

"Ẹ̀kọ ni, mà. Ṣùgbọ́n eku nìyí."

Ọ̀gá mi dá sí i láti ẹ̀yìn: "Ṣé eku kì í ṣe abiyamọ ni?"

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, sà, ẹmu náà ń kọ́? Wọ́n ní òun náà máa ń fa wàrà."

Ìyàwó rẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wá, a kì í mutí."

N kò bèèrè ọjọ́ tí eku ṣèrìbọmi. Ọ̀gá mi yìí ló ti kọ́ wa títí pé ohun tí kò sí nínú àbùdá, oúnjẹ kò lè fi síbẹ̀.

Wàrà kò wá. Àwọn ọmọ eku kú. Nígbà tí àwọn aláṣẹ dé, ọ̀gá mi gbé ọ̀kan nínú àwọn eku lásán tí a kò fọwọ́ kan àbùdá wọn síwájú wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú bí ẹni tí ayé yẹ. Wọ́n yìn ín gidigidi. Ọ̀kan nínú wọn gbàdúrà pé kí ọmú eku wa má gbẹ. A ṣe àmín.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo sọ fún un pé èsì mi ti bàjẹ́, nítorí n kò lè kọ ọ́ mọ́ pé oúnjẹ wọn kò yàtọ̀.

"Kọ ẹ̀kọ náà síbẹ̀," ó ní. "Ìmọ̀ ìbílẹ̀ ni. Wọ́n ń wá a lókè òkun."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti wọkọ̀ òfuurufú báyìí, ó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ. Èmi ti tún kó akọ àti abo mìíràn pọ̀, mo jókòó tì wọ́n, mò ń retí oyún.