Òwú Búlúù Ìyá Ìrẹ́jẹ

Ní ilé alágbàfọ̀ tí ìyá yìí ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ìyá Ìrẹ́jẹ ni wọ́n ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì fà á. Bí òjò bá pa á lọ́nà, yóò gbọn agboòrùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Òjò tó dúró dìgbà tí mo jáde nílé! Ìrẹ́jẹ nìyí." Bí tíì bá tutù, ìrẹ́jẹ ni. Bí bọ́tìnnì bá já bọ́ lára ẹ̀wù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán, ìrẹ́jẹ ni.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í rẹ́rìn-ín, pàápàá ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aláwàdà, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Ìyá kì í bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ìyẹn lọ. Orúnkún rẹ̀ òsì kì í jẹ́ kó sùn, ọ̀rọ̀ náà sì dà bí àpótí kékeré kan tó máa ń fìdí lé díẹ̀ kó tó tún dìde síṣẹ́.

Òfin kan wà nínú yàrá ìlọṣọ. Oníkálukú ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀. Ẹni tó bá lọ aṣọ tán ni yóò so òwú rẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ náà, kí ọ̀gá lè mọ ẹni tí yóò yìn àti ẹni tí yóò bá wí. Búlúù ni ti Ìyá Ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n nítorí orúnkún rẹ̀, kì í dúró dìgbà tó bá parí. Orí ìjókòó ló ti ń so tirẹ̀, kó tó dìde sí aṣọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó funfun kan ló wà níwájú rẹ̀. Ó ti lọ apá méjèèjì tán nígbà tí orúnkún ní òun ò gbà mọ́. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, ní, "Mọ̀mọ́, ẹ lọ jókòó, màá bá yín parí ẹ̀."

Ìyá ṣàdúrà fún un, ó lọ lo oògùn rẹ̀. Fóònù ọmọ náà dún. Ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, ó kọjú sí ògiri, ó ń bá ẹni kan tàkúrọ̀sọ. Èéfín ló pe gbogbo wọn.

Ọ̀gá dé. Kò béèrè ohunkóhun. Ó gbé ọrùn aṣọ náà sókè, ó rí òwú búlúù.

"Ìyá, láti ọ̀la, ẹ lọ máa bá àwọn tó ń fọṣọ ṣe. Àbúrò ìyàwó mi á máa lo tábìlì yín."

Ìdúró inú omi ni iṣẹ́ ibẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé orúnkún yẹn ò ní lè gbà á pẹ́, pé ilé ni yóò gbé e lọ. Gbogbo wọn ló sì mọ ẹni tó jó aṣọ. Ọmọbìnrin náà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá la ẹnu.

"Ó ti dé o!" Aláwàdà gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ jẹ́ ká jọ wí i! Ìììì…"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyá pa ẹnu rẹ̀ dé, ó ká aṣọ tó fi ń nu òógùn, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé iṣẹ́ ilé wá bá a. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n fi àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣe gbólóhùn.

"Ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ yín wà ńbẹ̀! Ìrẹ́jẹ. Ẹ fún mi ní gbólóhùn kan."

"Kọ ọ́ pé orúnkún ń dun ìyá àgbà."

"Ẹ ò fi ọ̀rọ̀ náà sí i."

"Fi sí i fúnra rẹ."

"Ṣé inú ń bí yín ni?"

"Inú kọ́, ọmọ mi. Ẹni tó ń fi idà gé ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, tógun bá dé, idà ọ̀hún ò ní mú mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, òjò pa á. Ó gbọn agboòrùn rẹ̀, ó wọlé, ó bọ́ sínú omi. Nígbà tí wọ́n gbé tíì dé, gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aláwàdà ń wò ó.

"Tíì yìí mà tutù o, Ìyá."

"Ó tutù."

"Òjò tún lù yín."

"Ó lù mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Aláwàdà sún mọ́ ọn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wí i. Mi ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó ti tán lẹ́nu mi. Bó o bá ní díẹ̀, ìwọ lò ó."

Aláwàdà gbé ife sílẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín kó tó wọlé.

"Èwo lo tún gbé dé?"

"Kì í ṣe àwàdà, ọ̀gá. A rẹ́ ìyá yẹn jẹ. Àwọn kọ́ ló jó aṣọ, gbogbo wa la rí i. Mo fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ ni."

Ọ̀gá tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí àwọn tó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí eyín kan tó hàn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wọn, ó ń nu ojú.

"Èmi ni, Bùọ̀dá."

Ọ̀gá ò tọrọ àforíjì. Ó kàn ní kí ìyá padà sí tábìlì rẹ̀, kí ìyá àti ọmọ náà jọ máa lò ó. Ìyá gbé ẹsẹ̀ tútù rẹ̀ padà wá síbẹ̀. Ó mú òwú búlúù, ó wò ó, ó fi í sápò. Ó di ìgbà tí aṣọ bá parí kó tó so ó.

Aláwàdà sáré gbé tíì míì wá. "Gbígbóná nìyí, Ìyá."

Ìyá mu ún, ó jó o lẹ́nu. Gbogbo yàrá ń dúró de ọ̀rọ̀ náà. Ó fi ojú tó ti rẹ̀ wò wọ́n.

"Ó gbóná lóòótọ́," ló wí, ó sì nawọ́ sí aṣọ tó kàn.