Ẹ̀rọ Tí Kò Kánjú

Tí ẹ bá dé àdúgbò kékeré kan lẹ́yìn ọjà Bódìjà, tí ẹ béèrè Tíṣà Akíndúró, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bi ló máa mú yín délé. Ìṣirò ni Simon Akíndúró fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ. Láti apá Oǹdó ló ti wá sí Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀, kò sì padà mọ́. Àwọn ọmọ tó kọ́ ti di dókítà, wọ́n ti di ẹnjiníà. Àwọn kan tilẹ̀ ti di olóṣèlú, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí gbogbo wọn ń rántí ni kàkúlétọ̀ rẹ̀ àtijọ́, irú èyí tó máa ń ya gíráàfù sójú gíláàsì. Ẹ̀rọ náà lọ́ra kọjá bẹ́ẹ̀! Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tán, á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa fa ìlà díẹ̀díẹ̀, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Tíṣà sọ ìlọ́ra yẹn di ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìlà ń lọ kí ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀. Èyí tó bá wálẹ̀ tó tún gòkè, "igbá" ni wọ́n ń pè é. Èyí tó bá gòkè tó tún wálẹ̀, "igbá dojú dé." Èyí tó bá ń lọ sókè sódò, "omi ń ru." Ọmọ tó bá fi ìwàǹwára pariwo tó sì ṣì í, Tíṣà á rẹ́rìn-ín.

"Má kánjú," ni yóò wí. "Ẹ̀rọ gan-an ò kánjú."

Fèyísọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Dùgbẹ̀, kò fara mọ́ ọn rí.

"Dádì, fóònù ọwọ́ mi yá ju nǹkan yìí lọ. Kí ló dé tí wọn ò fi ọpọlọ tó yá sí i?"

"Ta ló ń lé e?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń jiyàn, tí Olúkẹ́mi, ìyàwó Tíṣà, á máa rẹ́rìn-ín nídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe dé. Ó mú apá ọ̀tún Tíṣà, ó sì so ahọ́n rẹ̀. Háà! Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu jẹun. Kò lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́, kò lè ní kí wọ́n fún òun lómi. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn Jẹ́ríkò sọ fún Olúkẹ́mi pé kó wá ohun tí bàbá fẹ́ràn, kó máa fi fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́, torí pé tí wọ́n bá jẹ́ kí ó dákẹ́ pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ náà lè máà padà mọ́.

Olúkẹ́mi gbé kàkúlétọ̀ fún un. Tíṣà fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ètè bàbá ń gbọ̀n, kí ìlà sì tó gòkè, ó ní, "I... igbá." Olúkẹ́mi bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, ẹ̀rọ ló kàn.

Inú Fèyísọ́lá dùn nígbà tó gbọ́. Ó rò ó pé bí èyí tó lọ́ra bá lè fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ jáde, èyí tó yá á fa ọ̀pọ̀ jáde. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹ̀rọ àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní Agbówó, ó fi ṣe pààrọ̀ tuntun tó yá bíi kíní kan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà tẹ̀ ẹ́. Kó tó ṣẹ́jú, gíráàfù ti pé sójú gíláàsì. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún un tẹ̀, bákan náà ni. Kò sí ohun tó kù fún un láti sọ tẹ́lẹ̀. Ó ti ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọjú sí ògiri. Láti ìgbà náà, "igbá" pàápàá kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Fèyísọ́lá sáré padà sí Agbówó. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà, wọ́n ti yọ gíláàsì ojú rẹ̀ fún òmíràn. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, mo ti ba ayé Dádì jẹ́."

"Dìde. Ìfẹ́ lo fi ṣe é," ni Olúkẹ́mi wí. Ṣùgbọ́n inú ń bí i, mi ò ní parọ́ fún yín. Kò wo ojú ọmọ náà. Ó lọ jókòó ti aṣọ tó fẹ́ gé, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà ọrùn bùláòsì.

Bó ṣe gbójú sókè, Tíṣà ti yíjú kúrò lára ògiri. Ṣọ́ọ̀kì ló ń wò. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

Olúkẹ́mi gbé aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì iwájú ọkọ rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn láti ọwọ́ òsì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ṣe máa ń ṣe é. Ìlà ń wálẹ̀.

"I..." ni Tíṣà wí.

Ayọ̀ gba ọkàn obìnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ yára, ó fẹ́ fa ìlà náà dókè. Tíṣà na ọwọ́ òsì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú tòun ti ṣọ́ọ̀kì.

"Kẹ́mi," ló wí. "Má kánjú."

Fèyísọ́lá tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé wá dúró tì wọ́n. Ìyá rẹ̀ nu omijé nù, ó sì gbé ṣọ́ọ̀kì padà síbi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀.