Ohun Tí Télọ̀ Fún Àgbàdo Mu

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Télọ̀ fi jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ihò abẹ́rẹ́ ní méjì. Ló bá ní òun di àgbẹ̀. Orí ilẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló sì ti fẹ́ ṣe é. Ọ̀dá jó àgbàdo ọdún kìíní mọ́lẹ̀. Ti ọdún kejì so ohun tí ewúrẹ́ pàápàá wò tó yíjú. Ìyàwó bá pín oko sí méjì: bí ìdajì ti Télọ̀ kò bá dáa ju tòun lọ lọ́dún yìí, kó padà sídìí ẹ̀rọ, ojú ríran o, ojú ò ríran o.

Télọ̀ lọ ra ìgò kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta irúgbìn: omi dúdú tí wọ́n sè láti ara koríko inú òkun, tó ń rùn bí ẹja tó ti gbàgbé ọjọ́ tó kú.

"Oògùn ni àbí ajílẹ̀?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe ajílẹ̀. Ó ń kọ́ àgbàdo bó ṣe máa fara da òùngbẹ ni."

"Bíi tiyín náà nìyẹn. Ẹ kì í ṣe télọ̀ mọ́, ẹ ò sì tíì di àgbẹ̀."

Obìnrin onírúgbìn ti kìlọ̀ fún un: kí ọ̀dá tó dé ni wọ́n ń lò ó, bí ewé bá ti gbẹ, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí àgbàdo dé orúnkún, tí òjò ṣì ń rọ̀ dáadáa, Télọ̀ gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fọ́n omi dúdú náà sára ewé ìdajì tirẹ̀. Ọkùnrin tí oko wọn pààlà dúró wò ó.

"Télọ̀, ara àgbàdo rẹ le kẹ̀, o ń fún un lóògùn."

"Ìwọ náà ń jẹun kí ebi tó pa ọ́ kú."

Òjò dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, gẹ́lẹ́ nígbà tí àgbàdo ń yọ irun. Ewé ìhà méjèèjì ká jọ bí ẹní. Àmọ́ bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ewé tirẹ̀ á tú. Ti ìyàwó á wà ní kíká. Télọ̀ rí i, kò sọ ọ́. Ẹni tó ń ro ilẹ̀ ìyàwó kì í tètè yọ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, ìyàwó bó márùn-ún níhìn-ín, ó bó márùn-ún lọ́hùn-ún. Tirẹ̀ ti káyín. Ti Télọ̀ kò kún tán, orí rẹ̀ ṣófo díẹ̀, àmọ́ eyín wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni ń wá ibi tí wọ́n ti ṣe màgòmágó.

Télọ̀ la ẹnu.

"Ẹ má sọ nǹkan kan."

Ó pa á dé.

Ìyàwó bó ẹ̀kẹfà. "Ìgò mélòó ló máa tó gbogbo oko?"

"Méjì."

"Ẹ ra mẹ́ta. Ẹ máa ń dà á sí bàtà."