Aṣọ Pupa Tí Ìyá Kàsímù Wọ̀

Ọkọ mi ni Kàsímù. "Ó" ni màá máa pè é nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má wá ní wọn ò kọ́ mi nílé. Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, "ẹ" ni, "Bàbá Àsmá'ù" ni, àfi ọjọ́ tó bá mú mi bínú.

Iṣẹ́ rẹ̀ le láti ṣàlàyé. Bí àwọn ará Ọ̀fà bá bi mí lórí fóònù pé kí lọkọ mi ń ṣe ní Accra, mo máa ń ní ó ń tún àwòrán ṣe. Wọ́n á ní, "Ó ń ya fọ́tò ni?" Rárá o, kò tilẹ̀ ní kámẹ́rà. Ìdí kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí, nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Afua ní Kokomlemle. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ àmì ọjà rẹ̀ sára pátákó tàbí sára aṣọ á gbé àwòrán wá. Kọ̀ǹpútà á tọ ipa àwòrán náà, á sọ ọ́ di ìlà àti àwọ̀ tí wọ́n lè fẹ̀ títí yóò fi tó ògiri ilé, tí ojú rẹ̀ kò sì ní dàrú. Ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní làákàyè. Bí eṣinṣin bá ti yàgbẹ́ sórí fọ́tò, á yà á mọ́ imú onímú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo á di àwọ̀ oríṣiríṣi, ìlà tó yẹ kó lọ gbọọrọ á máa gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó. Iṣẹ́ Kàsímù ni kó yọ ohun tí kò yẹ kúrò, kó so ìlà tó já, kó sì da àwọn àwọ̀ tó jọra pọ̀ di ẹyọ kan. Òun ń pè é ní ẹ̀wà ṣíṣà. Ó ní ẹni tí kò bá ní sùúrù láti ṣa òkúta inú ẹ̀wà, kó má dé ìdí iṣẹ́ náà.

Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ló fi ń jẹun ní Mamobi. Onígbàjámọ̀ wo ló wà níbẹ̀ tí kì í ṣe Kàsímù ló ya orí sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Ó máa ń fi ẹfun pa okùn, á nà án láti ìgun pátákó kan dé èkejì, á fà á sókè, á jù ú sílẹ̀, pà! Ìlà funfun á hàn, tó gún régé. Mo lọ bá a pé kó bá mi kọ pátákó fún ìsọ̀ mi ní Odawna, níbi tí mo ti ń ta òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti síìpù. Kẹrosíìnì tó fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ló ń rùn lára rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé nínú gbogbo ọkùnrin tó ń fi lọ́fínńdà para ní Accra, oníkẹrosíìnì ni mo rí mú. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: mo fẹ́ràn òórùn náà. Nísinsìnyí tó ń ti ibi iṣẹ́ dé láìrùn nǹkan kan, àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Àwọn pátákó ìgbà yẹn náà ti lọ. Òjò ti fọ òmíràn dànù, wọ́n ti fi rọ́bà títẹ̀ bo òmíràn mọ́lẹ̀. Bí tròtrò bá gbé mi gba Mamobi kọjá, mo máa ń yọjú lójú fèrèsé láti wá wọn, àwọn èrò á máa wò mí bíi wèrè.

Ohun kan ò yí padà láti ayé búrọ́ọ̀ṣì títí di ayé kọ̀ǹpútà: Kàsímù kórìíra àwọ̀ pupa. Kò ní wọ̀ ọ́, kò sì fẹ́ fi sínú iṣẹ́. Ìgbà kan, oníṣòwò tòmátì alágolo kan gbé àmì ọjà rẹ̀ wá, kí wọ́n bá òun tún un ṣe. Nígbà tí Afua rí i lójú kọ̀ǹpútà, ó gbé ọwọ́ lérí. Ọmọ Asante ni Afua, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu wa.

"Kàsímù, me pa wo kyɛw, jọ̀ọ́, tòmátì ni wọ́n ní kó o ṣe. Ọsàn lo ṣe yìí!"

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, kò tíì pọ́n tán ni," ni ọkọ mi dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo gbé oúnjẹ wá fún un ò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí a ń sọ Àsmá'ù, ọmọ wa, lórúkọ ni ó tó sọ ọ́ fún mi, lẹ́yìn tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní dúró ya fọ́tò. Kàsímù ò mọ bàbá rẹ̀, Àlàmú. Ìyá rẹ̀ náà kú kó tó gbọ́n. Ìyá Fáòsíà, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ló tọ́ ọ ní Mamobi. Fọ́tò kan péré ló rí jogún, dúdú àti funfun: ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga níwájú ilé, ó gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Kàsímù ni wọ́n yà á. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé-kéú, ó bi ìyá Fáòsíà léèrè irú aṣọ tí ìyá òun wọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Aṣọ pupa ni." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán, omijé dé, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Ọmọ náà ò béèrè mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Accra, ẹ mọ ohun tí aṣọ pupa jẹ́. Tó bá di Sátidé, òun àti dúdú ni wọ́n fi ń lọ síbi òkú. Ẹ lè ní Mùsùlùmí kì í fi pupa ṣọ̀fọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ọmọdé tó jẹ́ pé ara àwọn tó ń sunkún ló ti ń rí aṣọ pupa. Kàsímù fi ọgbọ́n ọmọdé parí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: bàbá òun ti kú kí òun tó jẹ́ orúkọ. Bàbá òun ò rí òun sójú. Ọ̀fọ̀ ni wọ́n fi kí òun káàbọ̀.

"Ìyá Àsmá'ù," ó wí fún mi lọ́jọ́ náà, "ẹsẹ̀ tí mo gbé wáyé ò dáa."

Mo ní kó yé sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń gbé e kiri nínú. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ta ni kó wá bi? Ìyá Fáòsíà ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Àgbékẹ́, wà ní Ọ̀fà. Accra ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wọn ní Ọ̀fà ni wọ́n mú un lọ lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú, ibẹ̀ náà ló sì gbé lọ́kọ. Lórí fóònù, ara ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ó parí. Wọn kì í bi ènìyàn ní irú ìyẹn lórí fóònù.

Ọ̀rinrin ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní àsìkò òjò, ó wọ inú fọ́tò náà, ojú ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó lára bébà. Ẹ̀rù ba Kàsímù. Bí ojú yẹn bá lọ, kò sí ibòmíràn tó ti lè rí i mọ́. Ní àkókò yẹn gan-an ni Àgbékẹ́ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kí wa. Kàsímù gbé fọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun tó dé, ìyá àwọn á ti wà lódindi, pẹ̀lú àwọ̀ lára.

Bó bá ti parí iṣẹ́ oníbàárà, ti ìyá rẹ̀ ló kàn. Bébà náà ti ká níbi ọrùn, kọ̀ǹpútà sì fa ìlà dúdú gba ọrùn ìyá náà kọjá. Èyí ló kọ́kọ́ yọ. Ó ṣa ẹ̀gbin kúrò ní iwájú orí rẹ̀, ó tún ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ fà. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ti di ègé funfun wúruwùru, ó kó wọn pọ̀ títí ó fi dà bí ọmọ. Àwọ̀ ara, ti Àsmá'ù ló lò, torí ìyá Fáòsíà máa ń ní ìyá àgbà rẹ̀ ló jọ. Ó wá ku aṣọ. Aṣọ náà wà ní funfun títí, kò fọwọ́ kàn án.

"Bàbá Àsmá'ù, ẹ fi búlúù sí i," ni mo wí lọ́jọ́ tí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi á mọ̀. N ò lè pa irọ́ mọ́ ìyá mi."

Ó tẹ ìka lẹ́ẹ̀kan, pupa yòò kún aṣọ náà láti èjìká dé ẹsẹ̀. Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun ò tíì tó.

Àgbékẹ́ dé. Àgbàlagbà ni wọ́n ti dà, orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò dùn wọ́n rárá. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ni àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí. Èmi náà tẹ̀lé wọn, torí mo ní òwú tí mo fẹ́ gbé fún aránṣọ kan ní Kokomlemle. Kàsímù fi àga sídìí kọ̀ǹpútà fún wọn, ó ṣí àwòrán náà. Àgbékẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Ìyá mi rèé! Adùnọlá, ìyàwó mi, wá wo ìyá ọkọ ẹ! Imú wọn rèé, ẹ̀rín wọn tí wọ́n ń há mọ́nu rèé!" Wọ́n ti gíláàsì sókè. Ojú wọn yí padà. "Kàsímù, aṣọ òkú àwọn ará Accra lo wọ̀ fún wọn yìí. Ta ló kú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ni. Ṣé kì í ṣe ọ̀fọ̀ bàbá ni màámi ń ṣe níbẹ̀?"

"Ọ̀fọ̀ wo? Ọjọ́ tí a sọ ẹ́ lórúkọ nìyẹn!"

"Mo mọ̀. Ìyá Fáòsíà ní aṣọ pupa ni wọ́n wọ̀."

"Pupa náà ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Pupa rèé." Ó nawọ́ sí i.

"Èyí kọ́! Pupa ni mo wí. Pupa! Ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Afua wo èyí, ó wo tọ̀hún. Ó ní "Kai!", ó sì fà sẹ́yìn. Àgbékẹ́ bojú wo inú báàgì mi tó ṣí sílẹ̀, wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n tú òwú ká, wọ́n mú ẹyọ kan jáde, wọ́n gbé e sójú kọ̀ǹpútà.

"Èyí ni pupa. Pupa rúsúrúsú."

"Akokɔ srade!" Afua kígbe. Ọ̀rá adìyẹ, ohun tí àwọn tó ń sọ Twi ń pe àwọ̀ náà nìyẹn. Yẹ́lò ni àwa ọmọ Accra ń pè é.

Ẹ wá wo èmi olówùú. Ojoojúmọ́ ni àwọn àgbà láti ilé ń wá sí ìsọ̀ mi, tí wọ́n á ní kí n fún àwọn ní òwú pupa, tí wọ́n á sì nawọ́ sí yẹ́lò, èmi á sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Epo pupa ni, ilẹ̀ pupa ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n pupa ni, inú ẹyin pupa ni, ènìyàn tó mọ́ lára pupa ni. Pupa kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọkọ mi ní Mamobi, òun ló sì fi gbé ayé rẹ̀ láti kékeré.

Kàsímù gba òwú náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó wá béèrè:

"Kí ló dé tí Ìyá Fáòsíà fi sunkún nígbà náà?"

"Torí ayọ̀ ọjọ́ yẹn ló kẹ́yìn nílé wa. Bàbá fúnra wọn ló lọ ra aṣọ yẹn. Wọ́n ní ọmọkùnrin dé, kí ìyàwó àwọn tàn yòò. Ìbà ló pa wọ́n. O ti ń rá nígbà yẹn."

"Bàbá wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ onífọ́tò ni wọ́n dúró sí! Wọn ò tilẹ̀ fẹ́ gbé ẹ sílẹ̀ fún màámi. Onífọ́tò ń pariwo pé òjò ń ṣú, pé 'Àlàmú, gbọ́mọ fún ìyá ẹ̀ jàre!' Ìyẹn ni màámi ń há ẹ̀rín rẹ̀ mọ́nu."

"Wọ́n gbé mi," ni Kàsímù wí. Kò dà bí ìbéèrè.

"Wọ́n gbé ẹ títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n. Ọjọ́ tí màámi bí ẹ, Ààfáà fẹ́ pe ìrun sí ẹ létí, wọ́n kọ̀, wọ́n ní ohùn àwọn ni ọmọ àwọn á kọ́kọ́ gbọ́. Èmi ni mo di àtùpà mú níbi tí wọ́n ti pè é, torí ìdájí ni o dé ayé. Etí rẹ ọ̀tún ni wọ́n pè é sí."

Ọkọ mi, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ò sunkún. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi bo etí rẹ̀ ọ̀tún, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan.